Ṣé tábìlì là ń rí, àbí sense-data? Ìdáhùn lórí Russell, Moore àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Ọdún kejì ni mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì. Wọ́n kọ́ wa pé Bertrand Russell ní a kì í rí tábìlì, pé sense-data nìkan là ń rí. Ọ̀rẹ́ mi ní èyí kò yàtọ̀ sí ti Berkeley, tó ní kò sí ohunkóhun tó wà láìsí ọkàn tó ń róye rẹ̀. Ohun tó wá rú mi lójú jù ni ọ̀rọ̀ G. E. Moore. Òun ló na ọwọ́ sókè tó ní “ọwọ́ kan rèé,” síbẹ̀ wọ́n ní òun náà gba sense-data. Báwo ni méjèèjì ṣe lè wà lẹ́nu ẹnì kan? Bí àṣìṣe bá sì wà nínú ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn, ibo gan-an ló wà?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Russell kò sọ pé tábìlì kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé inú ọkàn ló wà. Ohun tó sọ nínú The Problems of Philosophy, ìwé pẹlẹbẹ tó jáde lọ́dún 1912, ni pé tábìlì wà, àmọ́ òun kọ́ ni ojú wa ń bá pàdé láìsí alárinà. Àwọ̀ igi, ìrísí onígun mẹ́rin àti dídán ni ojú bá pàdé. Jíjọ̀lọ̀, ìtutù àti líle ni ọwọ́ bá pàdé. Bí a bá fi ìka kàn án, ìró igi ni etí gbọ́. Àwọn wọ̀nyí ló pè ní sense-data, ẹyọ kan nínú wọn sì ń jẹ́ sense-datum. Pé a rí àwọ̀ náà, tàbí pé a gbọ́ ìró náà, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ìgbésí ayé ẹni tó ń wò, Russell sì fún un ní orúkọ ọ̀tọ̀: sensation. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀, torí ohun tí ọ̀rẹ́ yín dà pọ̀ gan-an nìyẹn.

Moore ló ti kọ́kọ́ la ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí òun àti Russell jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nídìí fìlọ́sọ́fì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi F. H. Bradley ní Oxford àti J. M. E. McTaggart ní Cambridge, ń kọ́ni pé ohun tó wà gan-an kò yà kúrò lára ẹ̀mí. Ní 1903 Moore gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Mind, The Refutation of Idealism, láti fa ọ̀kan nínú òpó ẹ̀kọ́ náà tu. Ó ní: ẹ wo rírí àwọ̀ búlúù àti rírí àwọ̀ ewé. Méjèèjì yàtọ̀ síra, síbẹ̀ ohun kan pa wọ́n pọ̀, ìyẹn ni pé méjèèjì jẹ́ mímọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: mímọ̀, àti ohun tí a mọ̀. Búlúù kì í ṣe mímọ̀, mímọ̀ kò sì ní àwọ̀. Ẹni tó bá wá ń sọ pé búlúù kò lè wà bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó, kó mú ẹ̀rí mìíràn wá, torí ohun tó ti ń pè ní ẹ̀rí látẹ̀yìn wá kò ju pé ó ka nǹkan méjì yìí sí ẹyọ kan.

Nítorí náà, lójú Russell àti Moore, sense-datum wà ní ìhà “ohun tí a mọ̀”. Kì í ṣe èrò inú ọkàn bí ti Berkeley. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè rí i, ó sì lè jẹ́ pé bí ẹni náà bá dijú ó ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n pé nǹkan jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo kò sọ ọ́ di ara ọkàn rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí Russell kọ lọ́dún 1914 lórí sense-data àti físíìsì, ó sọ ọ́ gbangba pé sense-data jẹ́ ara ohun tí físíìsì ń bá lò, pé wọn kì í ṣe ara ọkàn rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, ibẹ̀ náà sì ni mo rò pé gbogbo ìbéèrè yín so mọ́. Ọ̀bẹ tí Moore fi gé mímọ̀ kúrò lára ohun tí a mọ̀, kí ó lè mú wa jáde kúrò nínú orí ara wa, òun kan náà ló wá gé wa kúrò lára tábìlì. Bí mímọ̀ kọ̀ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó mọ̀, kí ni à ń mọ̀ nígbà tí nǹkan bá rí sí wa bí kò ṣe rí?

Ẹ fi owó ẹyọ dán an wò, torí àpẹẹrẹ yẹn mọ́ ju ti tábìlì lọ, òun sì ni àwọn fúnra wọn padà ń lò. Pẹ́nì tí wọ́n ń ná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà fẹ̀ tó mílímítà 31. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti òkè sánsán: róbótó ló rí. Ẹ wá rẹ orí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsún mọ́ ọn, láìsì jìnnà sí i, títí tí ìlà láti ojú yín dé ara owó yóò fi ṣe igun dìgírì 30 pẹ̀lú ojú tábìlì. Láti òsì sí ọ̀tún kò dín, àmọ́ láti iwájú sí ẹ̀yìn, ìdajì ló kù. Ó ti rí bí ẹyin. Kò sí ìtànjẹ kankan níbẹ̀, ojú yín kò sì ní àìsàn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé orí síbi tí ẹ gbé e sí yóò rí i bẹ́ẹ̀.

Ìjiyàn náà wá lọ báyìí. Àkọ́kọ́, owó yìí rí bí ẹyin láti ibi tí mo wà. Èkejì, bí nǹkan bá rí bí ẹyin sí mi, a jẹ́ pé ohun kan wà níwájú mi tó ní ìrísí ẹyin ní tòótọ́. Ẹ̀kẹta, owó fúnra rẹ̀ kò ní ìrísí ẹyin. Kò yí padà nígbà tí mo rẹ orí. Nítorí náà ohun tó wà níwájú mi tó ní ìrísí ẹyin kì í ṣe owó. Ìgbésẹ̀ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé láti kọ, tí ìjiyàn wọn á sì já sí òfo láìmọ̀: láti orí àwọn ìgbà tí nǹkan rí bí kò ṣe rí, báwo la ṣe dé orí gbogbo ìgbà? Bí mo bá wo owó láti òkè, tó rí róbótó, tó sì jẹ́ róbótó, kí ló dé tí n kò lè sọ pé òun gan-an ni mo rí nígbà yẹn? Èsì wọn ni pé kò sí ojú ààlà. Láti òkè dé igun 30, ìrísí náà ń yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ibi kan tí a lè tọ́ka sí pé “níbí ni owó ti kúrò, sense-datum sì bọ́ sípò rẹ̀”. Bó bá jẹ́ sense-datum la rí ní igun 30, òun náà la rí ní igun 31, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti sọ pé ojú ń purọ́. Gbólóhùn “àwọn ẹ̀yà ara wa ń tàn wá jẹ” wọ́pọ̀ nínú ìwé ìdánwò, kò sì sí ohun tí Russell ìbá kọ̀ ju ìyẹn lọ. Lójú rẹ̀, sense-datum jẹ́ bó ṣe jẹ́, kò sí àṣìṣe nínú bíbá a pàdé. Orí ohun tí a méfò láti ara rẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àṣìṣe mìíràn tó tún wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn sọ pé sense-data ni ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú, tàbí àwòrán tó hàn lẹ́yìn ẹyinjú, tàbí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Rárá. Kò sí ẹni tó rí ẹ̀yìn ẹyinjú ara rẹ̀ nígbà tó ń wo tábìlì. Ìmọ́lẹ̀, ẹyinjú àti ọpọlọ wà ní ìhà kan náà pẹ̀lú tábìlì: àwọn ohun tí a ń méfò pé wọ́n wà ni wọ́n, nínú ètò Russell ti 1912. Lóòótọ́ ó mẹ́nu kàn án pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tó fi jẹ́ pé bí oòrùn bá kú báyìí, a ó ṣì máa rí ohun tí a ń rí fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ó lo ìyẹn láti fi hàn pé sense-datum kì í ṣe oòrùn ni, kì í ṣe láti sọ pé sense-datum ni ìmọ́lẹ̀.

Báwo wá ni ẹni tí sense-data yí ká ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa tábìlì rárá? Russell pín ìmọ̀ tí a ní nípa nǹkan sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ìmọ̀ ìfojúkojú: nǹkan náà wà níwájú ọkàn fúnra rẹ̀, láìsí ìméfò, láìsí pé òótọ́ kan nípa rẹ̀ ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1912 ó ka sense-data mọ́ ọn, ó ka ohun tí a rántí, ó ka ohun tó ń lọ nínú ọkàn ara ẹni, ó sì ka àwọn ànímọ́ gbogboogbò bíi fífunfun àti jíjọra. Nípa ara ẹni fúnra rẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe, kò fọwọ́ sọ̀yà. Èkejì ni ìmọ̀ àpèjúwe: a mọ nǹkan gẹ́gẹ́ bí “ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣe báyìí báyìí”. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Bismarck. Bismarck nìkan ló lè ní ìmọ̀ ìfojúkojú nípa ara rẹ̀, bí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sense-data tó jẹ mọ́ ara rẹ̀ pàdé. Àwa yòókù mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ Chancellor ìjọba Jámánì tí wọ́n so pọ̀ ṣọ̀kan, èyí tí a kà nínú ìwé.

Irinṣẹ́ tó mú kí èyí ṣiṣẹ́ ni ohun tó ti ṣe ní 1905 nínú àpilẹ̀kọ On Denoting. Ibẹ̀ ló ti fi hàn pé a lè sọ gbólóhùn tó ní ìtumọ̀ pípé nípa nǹkan tí a kò bá pàdé rí, bí a bá tú gbólóhùn náà palẹ̀. Ẹ mú “Igi ni wọ́n fi ṣe tábìlì yìí.” Bí a bá tú u, ó di: “Ohun kan wà tó ń fa sense-data wọ̀nyí, kò sí òmíràn tó ń fà wọ́n, igi ni wọ́n sì fi ṣe ohun náà.” Nínú títúpalẹ̀ yẹn, tábìlì fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó kù ni sense-data wọ̀nyí àti àwọn ànímọ́ bíi fífa nǹkan, gbogbo èyí tí Russell gbà pé a mọ̀ lójúkojú. Ìlànà rẹ̀ sì nìyẹn: kò sí gbólóhùn tí a lè lóye àyàfi bí gbogbo ohun tó para pọ̀ di í bá jẹ́ ohun tí a ti bá pàdé lójúkojú. Ẹ kọ ìlànà yìí sílẹ̀. Bí ìdánwò bá bi yín kí ló so ọ̀rọ̀ ìmọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lójíìkì nínú iṣẹ́ Russell, òun ni ìdáhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ka Barry Hallen àti J. O. Sodipo máa ń sáré níbí, kó ní irú èyí ti wà lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé wọn tó jáde ní 1986, Knowledge, Belief and Witchcraft, àwọn oníṣègùn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ka ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí sí ìmọ̀, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n sọ fún un sí ìgbàgbọ́. Ó jọra lóòótọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n fa ìlà sí yàtọ̀. Lójú oníṣègùn, ẹni tí igi wó lójú rẹ̀ mọ̀ pé igi wó. Lójú Russell ti 1912, ẹni tó fọwọ́ lé tábìlì pàápàá, ìmọ̀ àpèjúwe ló ní nípa rẹ̀. Ẹ lè fi wọ́n wéra, kìkì kí ẹ má sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ibi tí bàtà ti ń ta Russell lẹ́sẹ̀ ni “ohun tó ń fa” yẹn. Ta ló sọ fún wa pé ohun kan ń fà á? Ní 1912 kò ní ẹ̀rí tó dájú, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé èyí ni àlàyé tó rọrùn jù. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ológbò: bí mo bá rí i ní igun kan yàrá, tí mo tún rí i ní igun kejì, ó bọ́gbọ́n mu pé ó rìn kọjá láàárín. Bí ológbò bá jẹ́ àkójọ sense-data lásán, kò sí níbikíbi nígbà tí n kò rí i. Ebi kò sì lè máa pa á nígbà tí kò sí. Kódà nígbà tó bá wà pàápàá, ebi kì í pa àwọ̀ àti ìrísí. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: pé àlàyé kan rọrùn kò sọ ọ́ di ìmọ̀.

Russell fúnra rẹ̀ kò sinmi lé e pẹ́. Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lowell tó ṣe ní Boston lọ́dún 1914, tó di ìwé Our Knowledge of the External World, ó yí ọ̀nà padà pátápátá: dípò kí a máa méfò pé nǹkan kan wà lẹ́yìn sense-data, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n kọ́ nǹkan náà. Pẹ́nì wá di àpapọ̀ gbogbo ìrísí rẹ̀ láti gbogbo ibi tí a lè dúró sí wò ó. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí ńkọ́? Ìrísí wà níbẹ̀ náà. Sensibilia ló pè wọ́n, ìyẹn nǹkan tó dà bíi sense-data gẹ́lẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá pàdé. Ààyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rí ní ìhà mẹ́ta, àwọn ibi ìwòran wọ̀nyí náà tún tò sínú ààyè kan tó ní ìhà mẹ́ta tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá di ìhà mẹ́fà.

Báwo la ṣe máa mọ ibi tí pẹ́nì wà nínú ààyè ńlá yẹn? Ibí yìí wù mí púpọ̀. Ẹ kó gbogbo ibi ìwòran tí pẹ́nì ti rí róbótó jọ, kí ẹ tò wọ́n láti èyí tó ti kéré jù dé èyí tó ti tóbi jù: wọ́n á di ìlà kan. Ẹ tún kó àwọn tí pẹ́nì ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná jọ, níbi tó ti fẹ̀gbẹ́ hàn, kí ẹ to àwọn náà bẹ́ẹ̀: ìlà kejì nìyẹn. Ẹ fa ìlà méjèèjì gùn síwájú. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni pẹ́nì wà. Sense-datum kọ̀ọ̀kan wá ní àdírẹ́sì méjì: ibi tí a ti ń wò ó, àti ibi tí nǹkan tó jẹ́ ìrísí rẹ̀ wà.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ìméfò tó ní òun fẹ́ dín kù kò dín kù tó bó ṣe sọ. Ìméfò ló fẹ́ sá fún, àmọ́ àwọn sensibilia tí kò sí ẹni tó rí wọn, ìméfò náà ni. Àwọn sense-data ẹlòmíràn, ẹ̀rí ẹnu wọn nìkan la ní. Russell gbà á wọlé, ó sì mọ̀ pé òun kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti sọ pé ìrísí méjì jẹ́ ti pẹ́nì kan náà, ó tún ní láti gbára lé òfin físíìsì, bẹ́ẹ̀ físíìsì gan-an ni gbogbo ilé náà fẹ́ gbé dúró.

Déètì kan tí kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì: 1921. Nínú The Analysis of Mind, tó jáde lọ́dún yẹn, Russell wọ́gi lé ìyàtọ̀ láàárín sensation àti sense-datum. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé “ẹni tó ń mọ̀” kan wà tó yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bí a bá sì yọ ẹni náà kúrò, mímọ̀ àti ohun tí a mọ̀ tún di ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé “Russell gbà pé sense-data wà” láìsọ ìgbà wo, ìdajì ìdáhùn ló kọ. Ọdún 1913 náà ṣe pàtàkì: ó ń kọ ìwé ńlá kan lórí ìmọ̀ nígbà náà, Wittgenstein, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, bu ẹnu àtẹ́ lù ú, Russell sì pa á tì. 1984 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ó wá kan Moore. Ní 1910 sí 1911 ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Morley College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé àpò lẹ́tà kan sókè, ó sì ní kí àwọn tó jókòó wò ó. Olúkúlùkù rí àbàwọ́n àwọ̀ tó funfun díẹ̀, tó ní ìwọ̀n kan àti ìrísí kan, kò sì sí ẹni méjì tí ohun tó rí bára mu pátápátá, torí ibi tí wọ́n jókòó sí kò dọ́gba. Síbẹ̀ àpò lẹ́tà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn rí. Lẹ́nu pé ó gba sense-data, Moore kò kúrò níbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ohun tí kò rí ìdáhùn sí ni bí sense-datum ṣe jẹ́ sí nǹkan náà.

Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú A Defence of Common Sense, 1925. Moore ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀. Ìkíní: ṣé mo mọ̀ pé òótọ́ ni “ọwọ́ ènìyàn rèé”? Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n dájú. Èkejì: kí ni gbólóhùn yẹn já sí bí a bá tú u palẹ̀? Ibí yìí, kò dá a lójú rárá. Ènìyàn lè mọ̀ pé gbólóhùn kan jẹ́ òótọ́, kí ó sì lóye rẹ̀, láìmọ bí a ṣe ń tú u palẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìtakora kankan nínú ohun tí ẹ béèrè: “ọwọ́ kan rèé” dáhùn ìbéèrè kìíní, sense-data jẹ́ ti èkejì.

Ẹ ṣe é bó ṣe ní kí òǹkàwé rẹ̀ ṣe é. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún yín. Ẹ kò rí gbogbo rẹ̀. Ẹ kò rí egungun, ẹ kò rí ìhà kejì. Ohun kan wà tí ẹ lè yà sọ́tọ̀, tí ó bá ìwà ẹ̀dá mu láti rò pé òun ni apá kan ojú ọwọ́ yẹn tó kọjú sí yín. Ohun yẹn ni Moore pè ní sense-datum. Ṣé òun ni ojú ọwọ́ ní tòótọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ló rí: bóyá òun náà gan-an ni, bóyá ó jẹ́ ohun mìíràn tó ń dúró fún un, tàbí bóyá ọ̀rọ̀ nípa ojú ọwọ́ kò ju ọ̀rọ̀ nípa irú sense-data tí à bá rí bí a bá ṣe báyìí tàbí báyẹn, gẹ́gẹ́ bí J. S. Mill ti wí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń takò ó. Ti ìkíní ni pé bí ẹ bá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú kan díẹ̀, ọwọ́ á di méjì lójú yín. Sense-data méjì, ojú ọwọ́ ẹyọ kan, méjì kò sì lè jẹ́ ẹyọ kan. Ó ṣì ń ronú lé e títí di 1957, nígbà tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan jáde tó ti wá gbà níbẹ̀ pé sense-datum kò lè jẹ́ ojú nǹkan náà. Ọdún kejì ló kú.

Ẹ̀rí ọwọ́ ti 1939 kò dá lé sense-data rárá. Moore béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀rí tó péye: kí ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a fi parí, kí a mọ ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ìparí tẹ̀ lé e ní tòótọ́. “Ọwọ́ kan rèé, òmíràn rèé, nítorí náà nǹkan wà níta” mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ní kò fi ẹ̀rí hàn pé ọwọ́ ni, òun náà gbà pé òun kò lè fi hàn. Èsì rẹ̀ ni pé a lè mọ ohun tí a kò lè fi ẹ̀rí gbè. Ẹ lè ṣàì gbà fún un, àmọ́ ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé kò rí àtakò náà.

Ó ku ibi tí àṣìṣe wà. Èmi gbà pé ìgbésẹ̀ kejì ni: pé bí nǹkan bá rí bí ẹyin, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó ní ìrísí ẹyin. Russell kàn gbà á lò ni. C. D. Broad ló gbìyànjú láti gbè é nínú Scientific Thought, 1923: bí kò bá sí ohun onírìísí ẹyin kankan níwájú mi, kí ló dé tí pẹ́nì fi rí bí ẹyin, tí kò rí bí àpótí? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká yìn ín pé ó gbé ọ̀nà kejì kalẹ̀ fúnra rẹ̀: pé rírí bí ẹyin lè jẹ́ ìbátan láàárín owó, ẹni tó ń wò, àti ibi tó dúró sí, láìsí nǹkan kẹrin. Moore náà ti fọwọ́ kan èyí ní 1918, nígbà tó bi ara rẹ̀ pé bóyá sense-datum kò yàtọ̀ ní ti gidi, bóyá ó kàn ń jọ pé ó yàtọ̀ ni. Ó jẹ́ kí ó bọ́ lọ. Lójú tèmi, ọ̀nà tó sàn jù tó kọjá níwájú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ àwòrán máa ń ya owó náà bí ẹyin láti igun 30, fọ́tò sì wà fún gbogbo ayé láti wò. Ìdáhùn sí ìbéèrè Broad wà nínú jiọ́mẹ́tìrì owó àti ibi tí a ti wò ó.

J. L. Austin ló fi ọ̀rọ̀ náà gún wọn ní kókó ní Oxford, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, tí wọ́n tẹ̀ ní 1962 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọgbọ́n kun ṣọ́ọ̀ṣì kan kó lè jọ abà, kí la rí? Ṣọ́ọ̀ṣì tó jọ abà. Kò sí abà kankan tó rọra wà láàárín wa àti ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá tó jọ pé ó tẹ̀ nínú omi: ọ̀pá tó tọ́ ni, tí apá kan rẹ̀ wà nínú omi.

Àtakò kan tún wà tó gba ibòmíràn wọlé, kò sì dúró de Austin. Onímọ̀ fìlọ́sọ́fì Gilbert Ryle ló gbé e síwájú A. J. Ayer, tí òun náà gba sense-data, Roderick Chisholm sì kọ ọ́ jáde nínú Mind ní 1942. Adìyẹ alámì tótòtó ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹtù ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣíjú wo ẹtù kan fìrí, kí ẹ tún gbójú kúrò. Àmì funfun pọ̀ lára rẹ̀. Mélòó ló wà lára sense-datum tí ẹ rí? Bí ó bá ní iye kan pàtó, tí ẹ kò sì mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé sense-datum ní ohun tó pa mọ́ fún yín. Bẹ́ẹ̀ Russell ti sọ ní 1912 pé àwọ̀ tí mo bá rí, mo mọ̀ ọ́n pátápátá, kò ku ohun kan láti mọ̀ nípa rẹ̀. Bí kò bá sì ní iye kan pàtó, nǹkan wo ló ní àmì púpọ̀ lára tí àmì rẹ̀ kò níye? Ayer yan ọ̀nà kejì. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú láti gbè é lẹ́yìn, ẹ ó rí bó ṣe ṣòro tó.

Àmọ́ ẹ má sọ pé Austin ti pa ẹjọ́ náà rẹ́. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀pá ló yanjú dáadáa. Ẹni tí ibà gbígbóná mú, tó ń rí eku lórí ògiri níbi tí eku kò sí, kò sí owó tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó lè jẹ́ “ohun tó jọ” eku fún un. Ibẹ̀ ni àwọn tó gba sense-data máa ń sá sí, ìjiyàn wọn níbẹ̀ sì le ju ti pẹ́nì lọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sí ìpínrọ̀ tirẹ̀ bí ẹ bá ń kọ̀wé.

Ní ti kíkà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní títí dé orí karùn-ún ìwé Russell ti 1912, lẹ́yìn náà apá kẹrin àpilẹ̀kọ Moore ti 1925, kí ẹ tó mú Broad. H. H. Price, Perception, 1932, ló ṣe àlàyé tó kún jù fún ẹ̀kọ́ náà. Tòmátì ló fi ṣe àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ẹ fi Austin kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka Austin máa ń fi Price àti Broad ṣe yẹ̀yẹ́ láìtíì mọ ohun tí wọ́n sọ, a sì máa hàn nínú ìwé ìdánwò rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́.